Eré Sísá Létí Odò àti Lórí Òkè ní Ìlú Ilkley

Ìlú kékeré kan wà ní apá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní agbègbè Yorkshire, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ilkley. Àwọn olùgbé ibẹ̀ kò tó 20,000. Odò Wharfe ń ṣàn kọjá ní ìsàlẹ̀ ìlú náà. Ní ìhà gúúsù, òkè gbalasa kan tí a ń pè ní Ilkley Moor ga sókè lẹ́yìn àwọn ilé. Láti ọdún 1865 ni ọkọ̀ ojú irin ti dé ibẹ̀, nítorí náà kò ṣòro fún àwọn ará Leeds àti Bradford láti wá sí Ilkley ní òpin ọ̀sẹ̀, kí wọ́n rìn tàbí kí wọ́n sáré fún ìlera ara wọn. Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa náà ń gbé ní ìlú ńlá méjèèjì wọ̀nyí, àwọn kan fún ẹ̀kọ́, àwọn mìíràn fún iṣẹ́.

Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin òǹkàwé wa ni bí àwọn ọ̀nà eré náà ti rí, bí ará ìlú ti ṣe ní ẹ̀tọ́ láti gbà wọ́n, àti ohun tí ẹni tí ń sáré níláti ṣe kí ó má bàa fi ẹ̀mí rẹ̀ wéwu, kí ó má sì ba ilẹ̀ náà jẹ́.

ÀWỌN Ọ̀NÀ MẸ́TA

Ọ̀nà kìn-ín-ní ni ọ̀nà etí odò, òun ni ó sì yẹ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ eré sísá. Afárá àtijọ́ kan wà ní Ilkley tí a fi òkúta kọ́ ní ohun tí ó lé ní 300 ọdún sẹ́yìn. Níbẹ̀ ni ọ̀nà gígùn kan tí a ń pè ní Dales Way ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà yìí gùn tó nǹkan bí ibùsọ̀ 80, ó sì parí sí Bowness, létí adágún Windermere. Aṣẹ̀ṣẹ̀bẹ̀rẹ̀ kò níláti sá gbogbo rẹ̀. Bí ó bá dojú kọ ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀, tí ó sáré dé abúlé Addingham, tí ó sì padà, yóò ti sáré nǹkan bí ibùsọ̀ mẹ́fà, ilẹ̀ sì tẹ́jú ní ibi púpọ̀.

Ẹni tí ó bá lágbára lè kọjá Addingham lọ sí Bolton Abbey. Níwájú ibẹ̀ díẹ̀, odò náà fún ara rẹ̀ pọ̀ sáàárín àpáta, ibẹ̀ ni a ń pè ní Strid. Ó dà bí ibi tí ọ̀dọ́mọkùnrin lè fò kọjá, ṣùgbọ́n omi ti gbẹ́ abẹ́ àpáta náà wọlé lọ jìnnà, ìṣàn rẹ̀ sì le púpọ̀. Ẹ̀mí ènìyàn ti ṣòfò níbẹ̀. Kí ẹni tí ń sáré dúró sí ojú ọ̀nà kí ó wò ó, kí ó má ṣe sún mọ́ etí àpáta.

Ọ̀nà kejì gba ẹsẹ̀ òkè. Láti ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ènìyàn yóò gun òpópónà Wells Road títí yóò fi dé White Wells, ilé funfun kékeré kan tí a kọ́ sórí ìsun omi tútù tí àwọn ènìyàn ìgbà àtijọ́ ń wá wẹ̀ fún ìwòsàn. Láti ibẹ̀ ni yóò yà sí ìhà ìlà oòrùn, tí yóò sáré lọ sí àwọn àpáta ńlá méjì tí a ń pè ní Màlúù àti Ọmọ Rẹ̀, kí ó tó sọ̀kalẹ̀ padà sínú ìlú. Ọ̀nà yìí kò gùn, ṣùgbọ́n ó ga, òkúta sì pọ̀ lójú rẹ̀.

Ọ̀nà kẹta ni ti àwọn tí ara wọn ti mọ́ eré. Ó kọjá White Wells lọ sí orí òkè gan-an, níbi tí àwọn òkúta tí àwọn ará àtijọ́ rì mọ́lẹ̀ yí po bí agbo wà, tí a ń pè ní Àpọ́sítélì Méjìlá. Láti ibẹ̀, ọ̀nà yà sí ìhà ìwọ̀ oòrùn lọ sí ṣóńṣó òkè náà, tí gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 1,319 sí ojú òkun. Ẹni tí ń sáré lè gba ojú ọ̀nà àtijọ́ tí ó ti Keighley wá sọ̀kalẹ̀ padà sí Ilkley.

OHUN TÍ ÒFIN WÍ

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan béèrè pé, ta ni ó ni ilẹ̀ tí wọ́n ń sá lórí rẹ̀ yìí? Àwọn pápá etí odò ní olówó wọn. Ilkley Moor sì jẹ́ ti ìgbìmọ̀ ìlú Bradford. Ní ìgbà kan rí, ọ̀pọ̀ àwọn onílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í jẹ́ kí ará ìlú fi ẹsẹ̀ tẹ irú òkè báyìí, nítorí ẹyẹ tí wọ́n ń yìnbọn sí níbẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin, ọdún 1932, ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwọn òṣìṣẹ́ kó ara wọn jọ, wọ́n sì gun òkè Kinder Scout ní Derbyshire láì gba àṣẹ. Wọ́n fi márùn-ún nínú wọn sẹ́wọ̀n. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kú. Òfin ọdún 1949 pàṣẹ kí àwọn ìgbìmọ̀ àgbègbè ya àwòrán gbogbo ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí ó jẹ́ ti ará ìlú. Òfin ọdún 2000 sì ṣí àwọn òkè àti ilẹ̀ gbalasa sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn láti fi ẹsẹ̀ rìn.

Ìyàtọ̀ kan wà níhìn-ín tí ó yẹ kí a mọ̀ dájú. Lórí òkè gbalasa, ènìyàn lè kúrò lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n nínú pápá etí odò, ojú ọ̀nà nìkan ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ mọ. Ọ̀nà oko tí ó gba inú ilẹ̀ ẹlòmíràn kọjá kò sọ ẹni tí ń gbà á di olóko.

ÒTÚTÙ ÀTI OMI

Orin àwàdà kan wà tí tọmọdé tàgbà mọ̀ ní Yorkshire. Ó sọ nípa ọkùnrin kan tí ó lọ bá olólùfẹ́ rẹ̀ lórí Ilkley Moor láì dé fìlà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kìlọ̀ fún un pé òtútù yóò pa á, àwọn yóò sì sin ín. Ẹ̀rín ni orin náà ń pa ènìyàn, ṣùgbọ́n òtítọ́ wà nínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ orí òkè tutù ju ti ìsàlẹ̀ lọ, kò sì sí igi tí yóò dá a dúró. Ara ẹni tí ń sáré gbóná nítorí pé ó ń sáré ni. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá rọ́ tí ó sì jókòó pẹ̀lú aṣọ tí òógùn ti rin, ooru náà yóò tán kíákíá. Bí a bá rí i pé ẹnìkan ń gbọ̀n, tí ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì já gaara mọ́, òtútù ti wọ̀ ọ́ lára nìyẹn. Kí a fi aṣọ gbígbẹ bò ó, kí a sì wá ìrànlọ́wọ́.

Nítorí náà, ẹni tí ń lọ sí orí òkè níláti mú aṣọ òjò, fìlà, ìbọ̀wọ́, oúnjẹ díẹ̀, àwòrán ilẹ̀, kọ́ńpáàsì àti fèrè dání. Kùrukùru lè bo gbogbo òkè láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ní oṣù Kejìlá oòrùn sì ti wọ̀ kí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Kí ó sọ ọ̀nà tí ó ń gbà àti ìgbà tí yóò padà fún ẹnìkan nílé. Bí wàhálà bá dé, fífun fèrè lẹ́ẹ̀mẹfà láàárín ìṣẹ́jú kan ni àmì ìpè fún ìrànlọ́wọ́. Bí ó bá ní tẹlifóònù, kí ó pe 999, kí ó béèrè fún ọlọ́pàá, kí ó sì ní àwọn agbanilà orí òkè ni òun ń fẹ́.

Odò pàápàá ní ewu tirẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá, ọdún 2015, Wharfe kún àkúnya. Lẹ́yìn òjò ńlá, kí a fi ọ̀nà etí odò sílẹ̀ títí omi yóò fi fà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, ìjọba ya apá kan odò yìí ní Ilkley sọ́tọ̀ fún ìlúwẹ̀ẹ́, òun sì ni odò àkọ́kọ́ tí ó gba irú ipò bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yẹ omi náà wò ní ọdún 2021 àti ọdún mẹ́ta tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n rí i pé kò dára tó, nítorí ìdọ̀tí tí ń ṣàn wọ inú rẹ̀. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹni tí ń sáré, kí ó mu omi tí ó gbé láti ilé.

BÍ A TI Ń TỌ́JÚ ILẸ̀ NÁÀ

Ilẹ̀ orí òkè náà kì í ṣe ilẹ̀ lásán. Ní ibi púpọ̀ ó jẹ́ ilẹ̀ dúdú rírọ̀ tí a ń pè ní peat. Koríko àti gbòǹgbò tí kò lè jẹrà tán nínú omi ni ó kó jọ di ilẹ̀ yìí láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún wá, ó sì ń fa omi òjò mu bí kànrìnkàn. Bí àwọn tí ń sáré bá ń yà fún ẹrẹ̀, tí olúkúlùkù ń tẹ etí ọ̀nà, koríko ibẹ̀ yóò kú, ọ̀nà yóò máa fẹ̀ sí i, òjò yóò sì máa wọ́ ilẹ̀ náà lọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi to òkúta pẹlẹbẹ sí ojú ọ̀nà ní àwọn ibi kan. Ẹni tí ó bá mọ̀wàá hù yóò gba orí òkúta. Níbi tí òkúta kò bá sí, yóò la àárín ẹrẹ̀ kọjá. Bàtà ṣeé fọ̀.

Ní ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀, peat a máa gbaná, iná náà a sì máa rá pálá lábẹ́ ilẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2019, iná ńlá jó lórí Ilkley Moor, títí wọ́n fi níláti fi hẹlikópítà da omi sí i láti òkè. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dáná níbẹ̀, kí ó má sì ju ìdí sìgá sílẹ̀. Orí ilẹ̀ ni àwọn ẹyẹ òkè yìí ń yé ẹyin sí, nítorí náà òfin ní kí ẹni tí ó bá mú ajá wá sórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ fi okùn tí kò gùn ju mítà méjì lọ dì í mú, láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹta títí di ọjọ́ 31 oṣù Keje.

Ẹ̀wọ̀n ni àwọn kan ṣe kí ọ̀nà irú òkè wọ̀nyí tó là fún gbogbo ènìyàn. Ẹ̀tọ́ náà kò lè wúlò pẹ́ bí àwọn tí ń jẹ ẹ́ bá ba ilẹ̀ jẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tàbí àbúrò ní Leeds tàbí Bradford, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ̀wé sí wọn nípa èyí, kí wọ́n tó wọ bàtà eré wọn lọ sí Ilkley.