Apẹja tó tóbi, ọkọ̀ wo ló yẹ ẹ́?



Ṣé ara yín tóbi? Ṣé ẹ fẹ́ ra ọkọ̀ igi, ṣùgbọ́n owó ọwọ́ yín kò pọ̀? Ẹ má ṣe kánjú. Ọkọ̀ tó ń gbé ẹni tín-ín-rín lè má gbé yín. Bí ọkọ̀ bá dojú dé, owó lọ, àwọ̀n lọ, ẹ̀mí náà sì lè lọ.

Kí ló ń mú ọkọ̀ léfòó?

Ọkọ̀ máa ń ti omi kúrò lábẹ́ ara rẹ̀. Lítà omi 1 wọn kílò 1. Bí ẹni tó wọn kílò 110 bá wọ ọkọ̀, ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ ti lítà omi 110 sí i kí ó tó lè gbé e. Ọkọ̀ tóóró yóò rì wọlé gan-an. Ọkọ̀ tó fẹ̀ kò ní rì tó bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tóóró ń sáré lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń mì. Nítorí náà, ẹ wá ọkọ̀ tí inú rẹ̀ fẹ̀, tí ìdí rẹ̀ tẹ́jú, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ga.

Ẹ dán an wò kí ẹ tó sanwó

1. Ẹ lọ wọn ara yín ní ilé ìwòsàn.

2. Ẹ ro ẹrù yín: àwọ̀n, ẹja, oúnjẹ. Ẹ rántí pé àwọ̀n tó mu omi wúwo ju èyí tó gbẹ lọ.

3. Ẹ gbé ọkọ̀ sí ibi tí omi kò jìn. Ẹ pọn omi kún bídọ́n onílítà 25 méjì. Kílò 50 nìyẹn, ó dúró fún ẹrù. Ẹ gbé wọn sínú ọkọ̀, kí ẹ̀yin náà wọlé.

4. Ẹ la ọwọ́ yín. Láti ojú omi dé etí ọkọ̀, ó yẹ kó tó láti àtàńpàkò dé ìka kékeré, bíi sẹ̀ǹtímítà 20. Bí kò bá tó, ẹ fi ọkọ̀ náà sílẹ̀.

5. Ẹ rọra fi ara tẹ̀ sí ọ̀tún, kí ẹ tẹ̀ sí òsì. Bí omi bá wọlé, ọkọ̀ náà kò yẹ yín.

Bí owó kò bá tó ńkọ́?

Ọkọ̀ àlòkù kò burú. Ẹ dojú rẹ̀ dé lórí ilẹ̀, kí ẹ fi ọ̀bẹ gún ìdí rẹ̀. Bí ọ̀bẹ bá wọlé bí ẹni gún iṣu sísè, igi ti jẹrà, ẹ má rà á. Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀dà tuntun, ó lè bo ìjẹrà mọ́lẹ̀. Ẹni méjì sì lè dáwó jọ ra ọkọ̀ ńlá kan, kí wọ́n pín ọjọ́ tí oníkálukú yóò máa lò ó.

Lórí omi

Ẹ jókòó, ẹ má ṣe dìde. Ẹ kó ẹrù sí àárín. Ẹ so bídọ́n òfìfo tí a dé pinpin mọ́ inú ọkọ̀: bí omi bá kún un, kò ní rì pátápátá. Ẹ mú igbá ìgbọ́nmi dání. Bí ẹ bá rí ẹ̀wù tí ń múni léfòó, ẹ wọ̀ ọ́. Ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá, tí odò Wémè bá kún, omi ń sáré gan-an. Ẹ má ṣe dá lọ.

Ìbéèrè: Apẹja kan wọn kílò 95, ẹrù rẹ̀ wọn kílò 40. Lítà omi mélòó ni ọkọ̀ rẹ̀ yóò tì sí i?