Ibo Ni Ìbejì Ti Wá?

Ní ọjà Bàrúwà, lápá Ìpájà, obìnrin kan pọn Táyé, ó gbé Kẹ́hìndé sáyà, ó ń ná ìlasa. Ìyá àgbà tó ń ta ẹ̀fọ́ wò ó títí, ó ní: "Ìyá Ìbejì, o kú ìtọ́jú ọmọ. Láyé tiwa, ọmọ á já lẹ́nu ọmú dáadáa ká tó ronú òmíràn."

Ni ọ̀rọ̀ bá di àríyànjiyàn lórí ohun tó ń fa ìbejì. Ọmọ Ìbàràpá kan tó ń ta èlùbọ́ ní ìlasa ló ń fa ìbejì. Ṣebí òun ni wọ́n fi ń jẹ àmàlà nílùú wọn, Igbó-Ọrà, tí ìbejì kún fọ́fọ́? Obìnrin aláta kan kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun náà ń jẹ ìlasa láti kékeré, ọ̀kọ̀ọ̀kan làwọn ọmọ òun sì wá. "Inú ẹ̀jẹ̀ ló wà. Ẹ bi Ìyá Ìbejì bóyá ẹnì kan ti bí ìbejì rí nílé ìyá rẹ̀." Wọ́n bi í. Ó ní ìyá ìyá òun bí ìbejì. Aláta pàtẹ́wọ́. Elélùbọ́ ò gbà: "Kí ni ìyá àgbà náà ń jẹ?"

Àwọn Yorùbá bẹ̀rù ìbejì nígbà kan rí. Ìgbà tó yá, ìbejì di ẹni tí wọ́n ń gbẹ́ ère fún. Ṣùgbọ́n kí ló mú ìbejì pọ̀ tó báyìí láàárín wa?

Aláta ló sún mọ́ òótọ́ jù. Dókítà Nylander, tó ṣèwádìí n'Íbàdàn àti Igbó-Ọrà ní nǹkan bí ọdún 1970, rí i pé nínú 1,000 ìbímọ, bí 45 ló jẹ́ ìbejì. Káàkiri ayé, bí 12 ni. Ẹyin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wá, irú ìbejì bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀.

Ṣùgbọ́n bíbí ọmọ méjì lẹ́ẹ̀kan ń gba agbára, kò sì sí ohun abẹ̀mí tí agbára rẹ̀ kò lópin. Ẹja àrọ̀ ń yé ẹyin ẹgbẹẹgbẹ̀rún, kì í tọ́ ọ̀kan. Erin ń gbé oyún ọmọ kan fún bí oṣù 22. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ á so lẹ́ẹ̀kan, á kú, ọmọ ìdí rẹ̀ á sì rọ́pò. Ọ̀pẹ ń so lọ́dọọdún. Agbára tó bá lọ sórí iye ọmọ kò ní kù fún ìtọ́jú wọn.

Kí ló wá dé tí ara obìnrin fi ń gbé ọmọ méjì? Tí obìnrin bá ti kọjá ọgbọ̀n ọdún dáadáa, ẹyin rẹ̀ kì í lágbára bíi ti àtijọ́ mọ́. Lọ́dún 2020, olùwádìí Wade Hazel àtàwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé pé ìdí nìyí tí ara fi ń tú ẹyin méjì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nígbà mìíràn: bí ọ̀kan bá bàjẹ́, èkejì á dúró. Bí méjèèjì bá dúró, ìbejì dé nìyẹn.

Nítorí pé ọmọ bíbí ń gba agbára lára ìyá, àwọn baba ńlá wa ní ohun tí wọ́n fi ń fún un ní ìsinmi. Lọ́dún 1977, àwọn olùwádìí John àti Pat Caldwell kọ̀wé lórí bí tọkọtaya Yorùbá ṣe ń takété síra wọn lẹ́yìn ìbímọ, tó lè tó ọdún mẹ́ta láyé àtijọ́. Mo gbà pé ọgbọ́n ni. Ọmọ bẹẹrẹ, òṣì bẹẹrẹ. Lónìí, àṣà náà ti ń lọ, a ò sì fi ohun kan dípò rẹ̀ nínú ilé púpọ̀. Ẹni tí kò bá lè takété, kó lọ ṣe ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Ayé lè yí padà bó ṣe wù ú. Ara ìyá ṣì nílò ìsinmi.