Ìbọn ìdíje olówó pọ́ọ́kú: ibi ìdìmú ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe

Ní ọjọ́ 30 oṣù keje ọdún 2024, ọkùnrin ará Tọ́kì kan tó ń jẹ́ Yusuf Dikeç dúró níbi ìdíje Òlíńpíìkì ní Châteauroux, ilẹ̀ Faransé. Ó ki ọwọ́ kan bọ àpò, ó fi èkejì na ìbọn. Òun àti Şevval İlayda Tarhan gba fàdákà lọ́jọ́ náà. Àwòrán rẹ̀ tàn ká orí fóònù, ohun tí àwọn èèyàn sì ń sọ ni pé ojú àti ọwọ́ lásán ló fi yìnbọn, nígbà tí àwọn yòókù dira bí ẹni tó fẹ́ jó irin.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò pé. Gíláàsì alákànṣe àti ohun tí wọ́n fi ń bo ojú kan ni Dikeç kò lò. Ìbọn ìdíje gidi ni ti ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ inú àpò náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí ara má baà mì. Jándáàmù ni tẹ́lẹ̀, ó sì ti ń lọ sí Òlíńpíìkì láti ti Beijing ọdún 2008. Ẹni tó bá rí àwòrán náà tó sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìbéèrè rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: èló ni ìbọn náà?

Ìbọn afẹ́fẹ́ ni, kò sí ẹ̀tù nínú rẹ̀. Ọta rẹ̀ jẹ́ òjé kékeré tó fẹ̀ ní mílímítà 4.5, orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ kó lè lu ihò róbótó sára pépà. Mítà 10 ni wọ́n fi ń jìnnà sí àmì. Ojú àárín tó ń fúnni ní máàkì 10 kò ju mílímítà 11.5 lọ, èékánná àtàńpàkò fẹ̀ jù ú lọ. Ìgbà 60 ni wọ́n ń yìn ín láàárín ìṣẹ́jú 75, ọwọ́ kan ṣoṣo, láìfara ti nǹkan kan.

Àwọn tó gbajúmọ̀ ni Feinwerkbau àti Walther ti Jámánì, Steyr ti Austria, àti Morini ti Switzerland. Tuntun èyí tó dára jù nínú wọn lé ní 1,500 yúrò. Ẹ fi 655.957 sọ ọ́ di sẹfá, ẹ ó rí i pé ó ń lọ sí mílíọ̀nù kan. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn tí kò lówó tó bẹ́ẹ̀ fi ń wá IZH-46M, èyí tí wọ́n ṣe ní Izhevsk, ilẹ̀ Rọ́ṣíà, lábẹ́ orúkọ Baikal. Iye rẹ̀ kò tó ìdajì ti àwọn yẹn. Kò ní ìgò afẹ́fẹ́. Ọ̀pá kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí ẹ óò fà síwájú tí ẹ óò sì dá padà lẹ́ẹ̀kan, afẹ́fẹ́ ọta kan ti wọlé nìyẹn. Ní mítà 10, ọta rẹ̀ ń lọ síbi tí a bá rán an. Ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń pàdánù máàkì, kì í ṣe ìbọn náà. Ohun tó ń ṣe é ni pé bí ẹ bá fa ọ̀pá yẹn nígbà 60, apá á ro yín. Láti ìgbà tí Amẹ́ríkà ti fi òfin de Kalashnikov ní 2014, ó ti ṣọ̀wọ́n, àlòkù ni ẹni tó ń wá a sábà máa ń rí.

Àlòkù kò burú. Àwa tí a ń ra ọkọ̀ àlòkù ní Kùtọ̀nú mọ bí wọ́n ṣe ń wo nǹkan kí wọ́n tó sanwó. Ẹ yẹ rọ́bà tó ń dí afẹ́fẹ́ wò. Bó bá jẹ́ èyí tó ní ìgò afẹ́fẹ́ ni, ẹ wá déètì tí wọ́n tẹ̀ sára ìgò náà. Ọdún 10 ni àwọn tó ṣe é sábà máa ń fún un, èyí tí déètì rẹ̀ bá ti kọjá kò wúlò fún ìdíje mọ́. Ẹni tó bá ra ìbọn lówó pọ́ọ́kú tó tún lọ ra ìgò tuntun, ẹ bá a ṣírò rẹ̀ dáadáa.

Lójú tiwa, ibi ìdìmú ló yẹ kí owó àti àsìkò kọ́kọ́ lọ. Igi tí ilé iṣẹ́ gbẹ́, ọwọ́ gbogbo èèyàn ni wọ́n gbẹ́ ẹ fún, ìyẹn ni pé kò bá ọwọ́ ẹnikẹ́ni mu tán. Ẹ dì í mú láìfi ọta sí i, ẹ dijú, ẹ gbé apá sókè síbi àmì, kí ẹ tó lajú. Bí irin iwájú kò bá bọ́ sí àárín ihò irin ẹ̀yìn fúnra rẹ̀, igi náà ló ń yí ọrùn ọwọ́ yín. Ẹ má ṣe fi ipá tọ́ ọ sọ́nà, nítorí bó bá di ìgbà ogójì ó máa rẹ̀ yín, ọta á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yà. Bí irin méjèèjì bá jìnnà síra ní mílímítà 350, tí tiwájú fi mílímítà kan péré yẹ̀, ọta á fi bíi 28 yẹ̀ lára pépà. Máàkì 7 nìyẹn, ẹni tó yìn ín á sì máa bú ìbọn.

Gbẹ́nàgbẹ́nà àdúgbò lè tún un ṣe. Ibi tó ń dun ọwọ́, ẹ fi ayùn kékeré àti pépà ìdángi ha á díẹ̀díẹ̀. Ibi tí àlàfo wà, ẹ fi màsítíìkì tí wọ́n fi ń dí ihò igi kún un, ẹ dì í mú kó tó gbẹ kí àmì ìka yín wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ dán an. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Igi náà kò gbọdọ̀ gbé ọrùn ọwọ́ ró o, òfin kò gbà á.

Lẹ́yìn ìyẹn ni irin tí ìka ń fà. Kò gbọdọ̀ fúyẹ́ jù: adájọ́ á gbé ẹnu ìbọn sókè, á fi òṣùwọ̀n gíráàmù 500 kọ́ irin náà, bó bá yìn ẹ ó lọ tún un ṣe. Olówó àti tálákà ni òfin yìí ń mú, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó ní kí ìbọn má wúwo ju gíráàmù 1,500 lọ. Ohun tí ẹ óò wá ni pé kí ìka mọ ibi tó ti fẹ́ yìn, kó má máa họ. Ọ̀pọ̀ ìbọn ló ní ìdè kékeré tí a lè yí fún èyí.

Ní ti ọta, ẹ ra agolo kékeré oríṣi mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ de ìbọn mọ́ tábìlì, ẹ yin márùn-ún márùn-ún nínú oríṣi kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ihò rẹ̀ bá sún mọ́ra jù ni tìbọn yín, ì báà jẹ́ òun ló pọ́ọ́kú jù. Òjé ni, nítorí náà ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun. Àwọn nǹkan iná mànàmáná àti ọ̀ṣọ́ yòókù lè dúró di ọdún kejì.

Kí ẹnikẹ́ni tó sanwó, kó kọ́kọ́ lọ béèrè ní kọmísáríà irú ìwé tó yẹ kó ní. Òfin ìbọn afẹ́fẹ́ yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì, aṣọ́bodè kò sì ní gbọ́ pé ti eré ìdárayá ni. Bí ìbọn bá wá dé ọwọ́, iṣẹ́ tó pọ̀ jù níbẹ̀ kò ná nǹkan kan: ẹ yọ ọta kúrò, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì, ẹ kọjú sí ògiri funfun, kí ẹ máa fa irin náà láìjẹ́ kí tiwájú mì, ogún ìṣẹ́jú lójúmọ́.