Ṣé o mọ̀? Afẹ́fẹ́ lè gbàjọba nínú páìpù omi

Ṣé o mọ̀ pé pọ́ǹpù lè máa kùn bí oyin láti àárọ̀, kí ẹ̀kán omi kan má dé táǹkì, síbẹ̀ kí nǹkan kan má ṣe é? Ní Onípáànù, àdúgbò kan ní Èkó, níbi tí ilé tó ní kànga tàbí bọ́ọ̀hóòlù tirẹ̀ ti pọ̀, ọ̀pọ̀ ló ti ra pọ́ǹpù tuntun kó tó mọ̀. (Ó ṣe èmi náà rí.)

Pọ́ǹpù orí ilẹ̀ kì í fa omi. Afẹ́fẹ́ inú páìpù ló ń lé jáde, afẹ́fẹ́ ìta á wá ti omi gòkè. Torricelli, ará Ítálì, ló là á yé ayé ní 1644. Agbára afẹ́fẹ́ yìí kò kọjá nǹkan bíi mítà 10, ìdí nìyẹn tí kànga jíjìn fi ń lo súmò, èyí tí wọ́n ń rì sínú omi.

Bí inú pọ́ǹpù bá gbẹ, kò ní lè lé afẹ́fẹ́ náà jáde mọ́, á kàn máa kùn ni. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, pa iná ná. Tú nọ́ọ̀tì orí pọ́ǹpù, fi kọ́ọ̀bù rọ omi sí i díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kún dẹ́nu tí kò ní hó mọ́, kí o dé e. Bó bá tún gbẹ lọ́jọ́ kejì, fáàfù ìsàlẹ̀ páìpù ni kí o fura sí: òkúta wẹ́wẹ́ kan péré lè há rọ́bà rẹ̀ lẹ́nu.

Àrùn kan náà ló ń ṣe ọpọ́n ìwẹ̀ onírọ́bà tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, tí omi gbígbóná ń yí po nínú rẹ̀. Ti ìyẹn, asẹ́ rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ yọ fọ̀.