Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru

Omi Ọ̀ṣun tó ń kọjá l'Óṣogbo, ibo ló ń lọ? Láti ilẹ̀ Èkìtì ló ti ṣẹ̀ wá, ó já sí ọ̀sà Lẹ́kíì, ọ̀sà Lẹ́kíì bá ti Èkó pàdé, omi náà sì gba ẹnu ọ̀sà Èkó bọ́ sínú òkun. Ewu tó wà lẹ́nu ọ̀sà bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé lónìí. Ọ̀rọ̀ náà kan àwa ará òkè pẹ̀lú, torí omi wa wà níbẹ̀.

Lójú agbami, ìgbì kì í ṣe ọkọ̀ ní nǹkan púpọ̀: ọkọ̀ á gùn ún, á sọ̀ kalẹ̀. Àmọ́ tó bá dé ibi tí omi ò ti jìn, ilẹ̀ á fà á lẹ́sẹ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ á falẹ̀, orí rẹ̀ á máa ga sí i, títí orí á fi ré kọjá ẹsẹ̀, tí á wó lulẹ̀. Ìgbì tó ga ní mítà 2 lè wó níbi tí omi ti jìn tó mítà 2 àbọ̀.

Kí ló dé tí omi ò fi jìn lẹ́nu ọ̀sà? Iyanrìn ni. Ìgbì ń wọ́ iyanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn, omi ọ̀sà ń tì í síta, ó wá kó jọ bí ẹbè sábẹ́ omi. Ẹbè yìí kì í dúró lójú kan. Ọ̀nà tí ẹ gbà lóṣù tó kọjá lè ti dí.

Ìkejì, nígbà tí omi ọ̀sà bá ń jáde, ṣe ló ń dojú kọ ìgbì tó ń wọlé. Ìgbì á sún mọ́ra, á ga, á le. Lóṣù kẹjọ, tí à ń ṣọdún Ọ̀ṣun, tí odò kún, àsìkò yẹn náà ni ìgbì òkun wa máa ń lágbára.

Ìkẹta ló ń tan èèyàn jù. Ẹni tó ń ti òkun bọ̀, ẹ̀yìn ìgbì ló ń rí, ẹ̀yìn ọ̀hún sì máa ń tẹ́jú. Tó bá fi máa mọ̀, ìgbì á ti gbé ìdí ọkọ̀ sókè, ìtọ́kọ̀ ò ní mú omi mọ́, ọkọ̀ á fi ẹ̀gbẹ́ kọ ìgbì. Èyí tó tẹ̀ lé e ló máa dà á dé.

Ẹbè yìí darí òwò Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lọ́dún 1851 tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá ja Èkó, Penelope, ọkọ̀ ogun ńlá wọn, ò lè wọlé; àwọn ọkọ̀ kéékèèké ló kọjá. Àwọn ọkọ̀ ọlọ́jà náà ń dúró sójú òkun, wọ́n á gbé èrò sínú àpótí onígi, wọ́n á fi okùn sọ̀ wọ́n kalẹ̀ sínú ọkọ̀ kékeré. Ọ̀pọ̀ aṣọ òyìnbó tí àwọn Ìjẹ̀ṣà ń rà l'Ékòó láti tà káàkiri, orí ẹbè yìí ló gbà. Ọdún 1907 tí rélùwéè dé Òṣogbo ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ Egerton kó iyanrìn náà. Lọ́dún 1908, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ògiri òkúta wọ inú òkun. Ọ̀nà là lóòótọ́, ṣùgbọ́n iyanrìn jókòó sí ìwọ̀-oòrùn ògiri, òkun sì jẹ Bar Beach ní ìlà-oòrùn.

Ọ̀pọ̀ ẹnu odò létíkun wa ò ní ògiri kankan títí dòní. Awakọ̀ tó gbọ́n á kọ́kọ́ dúró, á wo ìgbì dáadáa, torí àwọn ńlá máa ń tò tẹ̀ léra wọn kó tó rọlẹ̀. Á dúró de ìgbà tí omi bá ń wọlé tàbí tó dákẹ́. Tí kò bá dá a lójú, á padà. Ẹ̀yin èrò, ẹ wọ ẹ̀wù ìléfòó kẹ́ ẹ tó kúrò ní èbúté, ẹ má sì sọ fún un pé ẹ ń kánjú.