Ọjọ́ tí iṣẹ́ ọnà bá jáde

Lọ́sàn-án Sátidé, ẹni tó bá ní owó ọkọ̀ lè dé ibi ṣíṣí ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà méjì tàbí mẹ́ta láàárín Ìkòyí àti Victoria Island l'Ékòó. Àwòrán á wà lára ògiri funfun, wọ́n á máa gbé zóbò káàkiri, ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà á sì dúró tì í, á máa dáhùn ìbéèrè. Bí o bá rí àmì pupa róbótó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán kan, ó ti ní olówó nìyẹn. Onígálárì lè mú tó ìdajì owó náà, torí òun ló ń san owó ilé àti ti iná, òun ló sì ń ránṣẹ́ pe àlejò.

Ará Ìrè tàbí Ọ̀yẹ́ ní Èkìtì tó bá bá ara rẹ̀ níbẹ̀ lè rò pé àṣà àjèjì pátápátá ni. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ní àríwá Èkìtì, ọjọ́ ọdún Ẹpa, tí eléré ń gbé ère onígi sórí jó, ni iṣẹ́ ọnà ń jáde. Igi kan ṣoṣo ni agbẹ́gilére ń lò fún ère náà. Á kọ́kọ́ ṣe ọnà lílé, kí àáké gbé ìrísí rẹ̀ jáde. Alétúnlé ló máa ń ya orí sọ́tọ̀ kúrò lára ọrùn, tó ń ya ẹṣin kúrò lára ẹni tó gùn ún. Dídán ló tẹ̀ lé e. Fínfín ló kẹ́yìn, níbi tí ọ̀bẹ ti ń kọ ilà tó sì ń di irun. Ìkòkò ni wọ́n ń pe ìsàlẹ̀ ère náà tí eléré ń ki orí bọ̀. Òkè rẹ̀ lè jẹ́ jagunjagun tàbí ìyá ọlọ́mọ. Gbogbo rẹ̀ lè wúwo ju 20 kílò lọ, síbẹ̀ eléré á gbé e fò sórí òkìtì lójú gbogbo ìlú. Bí ó bá fò ó láìṣubú, ayọ̀ ìlú ni.

Aráàlú mọ ẹni tó gbẹ́ ère náà. Òkè òkun ni orúkọ ti ń sọnù. Lọ́dún 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n gbẹ́ Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, sára rẹ̀ níbi tó ti ń gba Ambrose, òyìnbó òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn, lálejò. Ògògà kò tà á. Àga ọba tí wọ́n ṣe ní ìlú òyìnbó ló fi ṣe pàṣípààrọ̀. Ó pẹ́ kí ayé òde tó mọ̀ pé Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ló gbẹ́ ilẹ̀kùn náà. Mùsíọ́mù Britain ló wà di òní.

Ọ̀yẹ́ ni nǹkan ti yí padà díẹ̀. Lọ́dún 1947, àwọn àlùfáà ìjọ Àgùdà láti Ireland, lára wọn Kevin Carroll, dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ níbẹ̀. Bándélé, ọmọ Aréògún ará Ọ̀sí, gbẹ́ igi fún wọn, ó sì kọ́ Làmídì Fákẹ́yẹ ará Ìlá Ọ̀ràngún níṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta. Mùsùlùmí ni Làmídì, síbẹ̀ ó gbẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Nínú ère ìbí Jésù tó ti ibẹ̀ jáde, àwọn ọba tó wá láti ìlà-oòrùn dé adé Yorùbá. Ọdún méje péré ni ilé náà lò ní Ọ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n Carroll kọ orúkọ àwọn agbẹ́gilére sílẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé lọ́dún 1967. Làmídì fúnra rẹ̀ pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ kiri òkè òkun, ó sì di olùkọ́ ní yunifásítì Ifẹ̀, orúkọ rẹ̀ lára gbogbo ohun tó gbẹ́.

Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ti wà ní Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé láti 2011. Ohun tó wù mí ni yàrá kan ṣoṣo ní Ọ̀yẹ́, tí a ó gbé ìkòkò Ẹpa kan sí, kí a kọ orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ sábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà, kí àwọn eléré Ìrè, ìlú Ògún tó ni irin tí àáké fi ń gbẹ́gi, wá ṣí i lọ́sàn-án Sátidé kan.