Ẹni Tó Da Eérú Ni Eérú Ń Tọ̀: Ẹ̀kọ́ Tí Omi Kíkan Johannesburg Kọ́ Àwọn Oníléeṣẹ́

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2002, omi kan bẹ̀rẹ̀ sí í sun jáde láti inú kòtò ìwakùsà àtijọ́ lẹ́bàá Randfontein, ní ìwọ̀-oòrùn ìlú Johannesburg. Omi náà kì í ṣe èyí tí ènìyàn lè bu mu. Ó pọ́n bí irin tó dógùn-ún, ó kan, ó sì ṣàn wọ odò kékeré kan tó gba ọ̀nà ọgbà ẹranko Krugersdorp lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó fi ilẹ̀ náà dolówó ti kó ẹrù wọn lọ tipẹ́tipẹ́. Ìbéèrè tó wá délẹ̀ ni pé, ta ni yóò san owó ìtọ́jú omi yìí? Inú ìbéèrè náà ni ohun tó yẹ kí oníléeṣẹ́ gbogbo mọ̀ nípa òfin àyíká fara pamọ́ sí.

Ọdún 1886 ni wọ́n rí wúrà ní oko Langlaagte, lórí ilẹ̀ tí Johannesburg tẹ̀dó sí. Wúrà yìí ló sọ pápá gbalasa di ìlú ńlá láàárín ọdún díẹ̀. Àwọn awakùsà gbẹ́ ilẹ̀ títí ó fi jìn ju kìlómítà méjì lọ, ihò abẹ́ ilẹ̀ iléeṣẹ́ kan sì ń já wọ ti èkejì. Nínú òkúta tí wúrà náà wà ni ohun mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní páírìtì, tó jẹ́ àdàpọ̀ irin àti imí-ọjọ́. Bí páírìtì bá wà ní abẹ́ ilẹ̀ tí atẹ́gùn kò kàn án, kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti hú u síta, tí atẹ́gùn àti omi bá a pàdé, ásíìdì ni yóò dà. Ásíìdì yìí a sì máa yọ àwọn èròjà olóró tó wà nínú òkúta, títí kan yuréníọ̀mù, sínú omi.

Nígbà tí iṣẹ́ ń lọ, ẹ̀rọ ń fa omi jáde nínú àwọn kòtò náà lójoojúmọ́. Bí iléeṣẹ́ kan bá pa ẹ̀rọ tirẹ̀, omi tirẹ̀ yóò ṣàn lọ bá aládùúgbò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹrù náà ṣe ń wúwo sí i lọ́rùn ẹni tó kù, títí òun náà fi juwọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ dákẹ́ tán ní apá ìwọ̀-oòrùn ni omi kún àkúnya, tó bú sórí ilẹ̀.

Ìjọba ló wá gbé ẹrù tí àwọn oníwúrà sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n kọ́ iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú omi kíkan sí Germiston ní 2014, wọ́n sì ṣí òmíràn ní Springs ní 2017. Owó ará ìlú ni wọ́n ń ná. Ní 2009, ọ̀gá àgbà tó ń yẹ ìwé ìnáwó ìjọba wò ní Gúúsù Áfíríkà ròyìn pé ibi ìwakùsà tí wọ́n ti pa tì lórílẹ̀-èdè náà jẹ́ 5,906, àti pé àtúnṣe wọn yóò gba nǹkan bíi bílíọ̀nù 30 Rand. Èyí kò tíì kan eruku òkìtì iyẹ̀pẹ̀ ìwakùsà tí afẹ́fẹ́ ń gbé lọ sínú ilé àwọn ará Soweto.

Irú ìwà jẹun-kó-o-sá yìí ni òfin tuntun dìde sí. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè náà ti 1996, ní abala 24 rẹ̀, sọ pé gbogbo ènìyàn ló ní ẹ̀tọ́ sí àyíká tí kò ní pa á lára. Ní 1998, wọ́n ṣe òfin àyíká àti òfin omi. Òfin méjèèjì gùn lé ohun kan náà: ẹni tó ba àyíká jẹ́ ni yóò tún un ṣe, ẹni tó sì rí i pé ohun tí òun ń ṣe lè ba àyíká jẹ́ gbọ́dọ̀ dènà rẹ̀ kó tó bàjẹ́.

Àwọn kan rò pé orí ìwé lásán ni èyí yóò mọ. Iléeṣẹ́ Harmony, ọ̀kan nínú àwọn awakùsà wúrà tó tóbi jùlọ níbẹ̀, mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2005, ìjọba pàṣẹ pé kí òun àti àwọn iléeṣẹ́ mìíràn tó wà ní agbègbè Orkney, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Johannesburg, jọ máa san owó fífa omi abẹ́ ilẹ̀. Lẹ́yìn náà, Harmony ta ibi ìwakùsà rẹ̀ níbẹ̀ fún iléeṣẹ́ Pamodzi, gbèsè sì gbé Pamodzi mì ní 2009. Harmony ní kí ìjọba fagi lé àṣẹ náà, nítorí òun kò ní ilẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Ìjọba kọ̀, ọ̀rọ̀ di ti ilé-ẹjọ́. Ní oṣù Kejìlá 2013, Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn àgbà tó wà ní Bloemfontein dájọ́ pé títa tí iléeṣẹ́ náà ta ilẹ̀ kò pa àṣẹ náà rẹ́. Ènìyàn lè ta ilẹ̀, kò lè ta ẹ̀bi.

Kí ni oníléeṣẹ́ tó fẹ́ sùn kó hanrun yóò wá ṣe? Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ohun àkọ́kọ́ ni láti gba àṣẹ kí ọkọ́ tó kan ilẹ̀. Òfin yànnàná irú iṣẹ́ tí a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò ipa rẹ̀ lórí àyíká. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láìgba àṣẹ lè wá tọrọ rẹ̀ lẹ́yìn, ṣùgbọ́n owó ìtanràn rẹ̀ lè tó mílíọ̀nù 10 Rand, sísan án kò sì ní kí wọ́n má pè é lẹ́jọ́. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá wà nínú òfin náà, àwọn adarí iléeṣẹ́ sì lè jẹ́jọ́ fúnra wọn.

Èkejì ni owó ìparí iṣẹ́. Awakùsà gbọ́dọ̀ ṣírò iye tí yóò ná láti tún ilẹ̀ ṣe, kó sì ya owó náà sọ́tọ̀ nígbà tí ọjà ṣì ń tà. Ẹ̀kẹta ni àkọsílẹ̀: kí iléeṣẹ́ máa yẹ omi àti èéfín tó ń tú síta wò, kó kọ ohun tó rí sílẹ̀, nítorí ìwé ni ẹlẹ́rìí rẹ̀ bí àwọn olùyẹ̀wò bá kanlẹ̀kùn.

Kì í ṣe awakùsà nìkan ni ọ̀rọ̀ kàn. Láti 2019 ni àwọn iléeṣẹ́ ńlá ti ń san owó orí lórí èéfín tó ń mú ayé gbóná: 120 Rand ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ lórí tọ́ọ̀nù kan, ó sì ti di 236 Rand ní 2025. Láti oṣù Karùn-ún 2021, ẹni tó bá ń ṣe ohun èlò iná mànàmáná, gílóòbù tàbí ohun tí wọ́n fi ń di ọjà, tàbí tó ń kó wọn wọlé láti òkèèrè, gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀, kó sì dá sí owó kíkó wọn nílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá di pàǹtí. Ọmọ Yorùbá tó bá ń kó irú ọjà wọ̀nyí wọ Johannesburg kò gbọdọ̀ sọ pé òun kò gbọ́.

Àwọn tó wà nílé náà ní ẹ̀kọ́ láti kọ́. Májèlé tí wọ́n kó láti Ítálì wá sí Koko ní 1988 ló ta Nàìjíríà jí, tí ìjọba fi dá àjọ FEPA sílẹ̀ lọ́dún náà. Òfin àyẹ̀wò àyíká dé ní 1992. Ní 2007, àjọ NESREA gba ipò FEPA. Lọ́dún 2007 kan náà ni òfin ìwakùsà sọ pé kí awakùsà ní ètò àtúnṣe ilẹ̀ àti owó tí yóò gbé e ró. Nísinsìnyí, wúrà ti ń jáde ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ní 2021 ni wọ́n yọ́ wúrà àkọ́kọ́ ní ibi ìwakùsà Ṣẹ̀gílọlá. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ariwo ta pé àwọ̀ odò Ọ̀ṣun ti yí padà, ọ̀pọ̀ sì di ẹ̀bi ru àwọn tó ń wa wúrà láìgba àṣẹ.

Johannesburg lo wúrà rẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún kí omi kíkan tó bú jáde. Àǹfààní tí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ní tí Johannesburg kò ní ni pé ó ti rí àpẹẹrẹ. Owó ìdènà ṣì kéré báyìí. Bí omi bá ti kan, kò sí iye tí wọ́n á ná tí kò ní dà bíi pé wọn kò ná nǹkan kan.